Wọ́n Ní Mo Fò

Ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, ní Wolverhampton,
aṣọ ibùsùn ló ń sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́:
èyí ẹ̀jẹ̀, èyí ìgbẹ́, èyí omijé.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbọ́ ohùn wọn.
Ìbíyẹmí lorúkọ mi. Wọ́n gé e kúrú, wọ́n ń pè mí ní Ibi.
N ò bá wọn jà. Ẹni tí kò gbédè
kò mọ̀ pé òun ń ṣépè.

Oṣù Kejì ni wọ́n yọ irin ààbò ẹnu ẹ̀rọ ìlọṣọ kẹta,
ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, Ọ̀gbẹ́ni Pickering ló wí bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ní kó yára.
Ó gba ìka ìfábẹ̀lá Danuta dé oríkèé kejì,
ìka tó fi ń tọ́ka àwọn ọmọ rẹ̀ hàn mí nínú fóònù.
Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé: àìfarabalẹ̀.
Èmi náà kọ tèmi. Mo kọ wákàtí, mo kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ,
mo kọ orúkọ ẹni tó tú síkírù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé mi lọ sí yàrá aṣọ ẹlẹ́gbin, èmi nìkan.
Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìyẹn, iṣẹ́ òru, lẹ́yìn náà iṣẹ́ àárọ̀,
lẹ́yìn náà òru àti àárọ̀ pọ̀.
Gurpreet tí a jọ ń mu tíì kò rí mi mọ́,
ojú rẹ̀ ń gba ara mi kọjá bí ẹni ń wo ìta láti ojú fèrèsé.
Kò sẹ́ni tó nà mí. Kò sẹ́ni tó bú mi.
Bí a ṣe ń fún aṣọ ni wọ́n ń fún mi,
ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan sí i,
títí aṣọ á fi ṣe bí ẹni pé òun ò mumi rí.

Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n pè mí sókè.
Ìwé ti wà lórí tábìlì, bírò ti wà lórí ìwé.
"Buwọ́ lù ú, ohun tó dáa la ó sọ nípa rẹ.
Bí o kò bá buwọ́ lù ú, a ó sọ èyí tó kù."
Mo kà á. Ó ní inú mi dùn púpọ̀ láti bá wọn ṣiṣẹ́.
Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ló ń gbé mi lọ.
Ẹbí wo? Ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní kíláàsì,
ó ń retí owó oúnjẹ ọ̀sán.
Mo buwọ́ lù ú. Kí n má purọ́ fún yín,
ọwọ́ tèmi ni, kò sẹ́ni tó dì í mú.
Wọ́n tì mí, wọ́n ní mo fò,
wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ pé atẹ́gùn ojú ọ̀nà dára.

Oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan ni òfin fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Oṣù méjì àti ààbọ̀ ni mo fi sùn.
Danuta ló wá kan ilẹ̀kùn, ó mú búrẹ́dì dání, ó ní: dìde.

Ní Birmingham, yàrá ẹjọ́ kéré, kò sẹ́ni tó dé irun funfun.
Lọ́yà wọn ń fi ìwé mi fẹ́ ara rẹ̀:
ṣebí ìwọ lo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀?
Adájọ́ ní kó gbé e wá. Obìnrin náà wo òkè ìwé pẹ́.
Àwọn àgbà ní irọ́ lè fi ogún ọdún sáré,
ọjọ́ kan ni òótọ́ fi ń bá a.
N ò mọ̀ pé ọjọ́ náà lórúkọ. Ọjọ́rú ni.
Ọjọ́rú ni wọ́n ti tẹ ìwé tí wọ́n ní mo rò ní Ọjọ́bọ̀.
"Ìgbà wo lo sọ fún wọn pé o ń lọ?"
Mo ní, Màdáàmù, ìwé ló sọ fún mi.

Wọ́n pe Danuta.
Ó gbé Bíbélì sókè lọ́wọ́ ọ̀tún,
ìka mẹ́rin àti ààbọ̀,
yàrá sì dákẹ́ kó tó lanu.

A ò tíì gbọ́ ìdájọ́. Lọ́yà wọn ti pè:
iye báyìí, kí n sì pa ẹnu mọ́ títí ayé.
Iye náà pọ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná,
mo wò ó lóru, mo wò ó láàárọ̀.
Ẹ̀rọ ilé wa ti bàjẹ́.
Mo ń fọwọ́ fọ aṣọ ilé-ìwé ọmọ mi nínú báàfù,
mo fún un, mo fún un,
omi sì ń jáde síbẹ̀.